Iná Pupa Inú Pijó Bàbá Agbaja

Ẹni tó bá fẹ́ rí ìbínú bàbá tó bí ìyá mi, kí ó jókòó sínú Pijó wọn, kí iná pupa tàn nínú dáṣíbọ́ọ̀dù, kí onítọ̀hún sì sọ pé, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká máa lọ, kò sí nǹkan kan." Ó parí. Bàbá á yà sí ẹ̀gbẹ́ títì, wọn á pa mọ́tò, wọn á sì tẹjú mọ́ ọn títí òun fúnra rẹ̀ á fi ṣí ilẹ̀kùn tí á bọ́ sílẹ̀. Ó ṣojú mi tí wọ́n ṣe é fún ìyá mi. Ó ṣojú mi tí wọ́n ṣe é fún lèmọ́mù àdúgbò wa, ẹni tí gbogbo ayé ń bẹ̀rù.

Alàájì Yàkúbù ni orúkọ wọn, ṣùgbọ́n Bàbá Agbaja ni gbogbo àwa ọmọ-ọmọ ń pè wọ́n, nítorí orí òkè Agbaja, láàárín àwọn Ọ̀wọ́rọ̀, ni wọ́n bí wọn sí. Ganaja ní Lọ́kọ́jà ni wọ́n kọ́lé sí lẹ́yìn tí wọ́n fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ alábẹ̀wò ilé-ìwé, ilé yẹn náà ni èmi gbé dàgbà. Wọ́n kú ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀ yìí, a sì sin wọ́n lọ́jọ́ náà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn wọn. Láti ìgbà náà ni mo ti ń gbọ́ ohun tí àwọn tó ń wá kí wa ń sọ nípa wọn. Wọ́n ní ènìyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n. Jẹ́jẹ́ kẹ̀? Bàbá Agbaja? Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí èmi mọ̀.

Pijó náà, fáìfù-ó-fọ̀ aláwọ̀ ewé ni, ọ̀dà rẹ̀ ti ṣá. Ìgbà tí ìyá mi wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n rà á. Àwọn mọ́tò tí wọ́n jọ wọ Lọ́kọ́jà nígbà yẹn ti di irin àlòkù tipẹ́, ti Bàbá ṣì ń rìn. Iná pupa tí mo ń wí yìí, iṣẹ́ méjì ló ń ṣe nínú rẹ̀. Bí ènìyàn bá gbàgbé láti sọ hánbíréèkì sílẹ̀, á tàn. Bí ọ́ìlì bíréèkì bá dínkù nínú ike kékeré tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, iná kan náà ló ń tàn. Nítorí náà, hánbíréèkì ni Bàbá máa ń kọ́kọ́ fọwọ́ kàn, wọn á tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ dáadáa. Bí iná bá kú, wọn á kùn díẹ̀, a ó sì máa lọ. Bí kò bá kú, ẹ múra láti pẹ́.

Wọn kì í sáré bu ọ́ìlì sí i. Èyí ni kò yé ọ̀pọ̀ ènìyàn. Àwọn awakọ̀ tí mo mọ̀, bí iná yẹn bá tàn, wọn á ra ọ́ìlì lẹ́bàá títì, wọn á bù ú kún, iná á kú, wọn á yí rédíò sókè. Bàbá á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọn á wo ibi tí ọ́ìlì dé nínú ike. Tó bá ṣì kún, a jẹ́ pé waya tàbí ìdérí ike ló ń purọ́. Tó bá dínkù lóòótọ́, wọn á wo pádì, nítorí bí pádì ṣe ń jẹ ni ọ́ìlì ń rọ̀ wálẹ̀ tẹ̀lé e. Tí pádì bá wá nípọn síbẹ̀, ó ń jò níbì kan nìyẹn. Wọn á tẹ́ àpò sìmẹ́ńtì sílẹ̀, wọn á dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, Alàájì odidi, wọn á na ọwọ́ sẹ́yìn táyà kọ̀ọ̀kan, wọn á fa ọwọ́ náà jáde, wọn á sì gbọ́ òórùn ìka wọn. Mo mọ òórùn ọ́ìlì bíréèkì kí n tó mọ òórùn lọ́fínńdà.

Mẹ́káníìkì kan wà ní Ganaja tó ń jẹ́ Sálíhù, ọmọ Ẹ̀bìrà. Ọ̀rẹ́ Bàbá ni, ọ̀tá Bàbá ni, ó wà lọ́wọ́ ọjọ́. Nígbà kan Bàbá gbé Pijó fún un nítorí iná tó ń tàn tó sì ń kú nígbàkígbà tí a bá dé kọ́nà, wọ́n sì mú mi dání lọ kírun. Nígbà tí a padà dé, Sálíhù ti ń nu ọwọ́, ẹ̀rín ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Bàbá, light don off! No wàhálà!" Bàbá wọlé, wọ́n yí kọ́kọ́rọ́, wọ́n fa hánbíréèkì sókè. Iná kò tàn. Wọ́n tún fà á. Kò tàn. Wọ́n bọ́ sílẹ̀, wọ́n tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ síwájú Sálíhù. Sálíhù wo ọwọ́ náà, ó wò mí bí ẹni tó ń wá alágbàwí, ó wá ti ọwọ́ bọ àpò, ó yọ gílóòbù kékeré kan jáde. Ohun tí wọ́n máa ń ṣe nìyẹn: iná ń da oníbàárà láàmú, wọn á yọ gílóòbù, oníbàárà á dúpẹ́, á máa lọ. Mo rò pé Bàbá máa pariwo tí gbogbo Ganaja á gbọ́. Ohùn wọn kò tilẹ̀ ròkè. "Mo ní kí o bá mi wo mọ́tò mi sàn, Sálíhù, o wá fọ́ ọ lójú."

Bí wọ́n ṣe ń ṣe mọ́tò náà ni wọ́n ń ṣe ènìyàn. Ìbéèrè kan wà tí wọ́n ń bi gbogbo wa, ìbáà jẹ́ orí ló ń fọ́ ọ, ìbáà jẹ́ ọkọ rẹ ni kò bá ọ sọ̀rọ̀ mọ́: "Láti ìgbà wo?" Wọn kì í béèrè ẹni tó fà á. Nígbà tí mo gba òdo nínú ìṣirò ní sẹ́kọ́ńdìrì, ìyá mi ti mú bẹ́líìtì lọ́wọ́. Bàbá gba ìwé náà, wọ́n mú mi jókòó sábẹ́ igi máńgòrò tó wà nínú ọgbà wa.

"Láti ìgbà wo ni kò ti yé ọ, Àwáwù?"

Mo ní láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n wò mí. Mo ní láti táàmù tó kọjá. Wọ́n ṣì ń wò mí. Mo bú sẹ́kún, mo ní láti ìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìdá ni, ní prámárì. "Ẹ̀n-ẹ́n!" ni wọ́n wí, inú wọn sì dùn bí ẹni pé mo gba ipò kìíní. Wọ́n ní kí wọ́n gbé iṣu bíbọ̀ wá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gé e sí méjì, sí mẹ́rin, sí mẹ́jọ níwájú mi, títí ìdá fi yé mi tí ebi sì tán lára mi. Ìyá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní Bàbá ń kẹ́ mi bà jẹ́. Bàbá kò gbójú sókè. "Ibi tó ti ń jò ni mo ń wá. Bẹ́líìtì kò lè bá mi rí i."

Màmá, ìyàwó wọn, ọmọ ìjọ ni. Bàbá ń kírun, Màmá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, inú ilé kan náà, orí ibùsùn kan náà. Láàárín àwọn Ọ̀wọ́rọ̀, èyí kì í ṣe ìròyìn rárá, n kò sì gbọ́ kí wọ́n jà lórí rẹ̀ rí. Pijó ni wọ́n ń jà lé lórí. Orogún mi ni Màmá ń pè é. "Ẹ ti fún orogún mi lómi?" "Ṣé orogún mi jí dáadáa?" Bàbá kì í rẹ́rìn-ín sí i, bí wọ́n bá sì ṣe ń fajú ro tó ni Màmá ń wí sí i tó.

Síbẹ̀ Pijó yìí kan náà ni Bàbá fi ń gbé wọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi. Wọn á páàkì sábẹ́ igi kan lẹ́bàá géètì, wọn á sọ gíláàsì wálẹ̀, wọn á máa ka ìwé ìròyìn títí ìsìn á fi parí. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń darí mọ́tò níbẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn gba abẹ́ igi yẹn. Nígbà tí pásítọ̀ tuntun dé, ó rí Alàájì nínú mọ́tò lọ́sẹ̀ kan, ó rí wọn lọ́sẹ̀ kejì, ó wá tọ̀ wọ́n lọ, ó ní kí wọ́n jọ̀wọ́ kí wọ́n wọlé, pé Ọlọ́run ń retí wọn nínú. Bàbá ká ìwé ìròyìn wọn jẹ́jẹ́. "Pásítọ̀, ẹ ṣeun. Ọlọ́run mọ ibi tí mo páàkì sí."

Mi ò ní purọ́ pé ó rọrùn láti bá wọn gbé. Wọ́n lágídí, wọ́n sì mọ̀ pé àwọn lágídí. A ti pẹ́ dé ìgbéyàwó, a ti pẹ́ dé ìsìnkú, ìgbà kan wà tí a dé ìkómọ nígbà tí wọ́n ti ń fọ ìkòkò, gbogbo rẹ̀ nítorí pé Bàbá rí nǹkan tútù lára táyà. Omi lásán sì ni nígbà mìíràn o. Wọ́n kọ́ mi ní mọ́tò, ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ kí n wà á kọjá jọ́ńṣàn. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ Ganaja mọ̀ wọ́n, wọ́n sì ń sá fún wọn, nítorí bí kẹ̀kẹ́ bá já wọnú ọ̀nà níwájú wọn, Bàbá á tẹ̀lé e títí tí á fi dúró, wọn á kí i dáadáa kí wọ́n tó bú u. Bí ó bá jẹ́ ọmọ Okun, wọn á ní "Okun o." Bí ó bá jẹ́ Hausa, wọn á ní "Sannu." Lẹ́yìn náà ni eré á bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ wọn tó dàgbà jù, Bọ̀ọ̀dá Ìdírísù, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Lọ́kọ́jà níbí, ni kò lè fara dà á. Ènìyàn kánkán ni Bọ̀ọ̀dá, wọ́n ń jẹun kánkán, wọ́n ń gbàdúrà kánkán. Wọ́n bẹ Bàbá títí kí wọ́n jẹ́ kí àwọn ra mọ́tò tuntun fún wọn, irú èyí tó ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó ń ṣe é. Bàbá gbọ́ gbogbo rẹ̀, wọ́n mi orí, Bọ̀ọ̀dá sì rò pé ó ti bọ́ sí i. "Ó dára, Ìdírísù. Ṣé á sì gbà kí n fọwọ́ kan òun náà?"

Ọ̀rọ̀ yìí, tí gbogbo wa ń fi ṣàwàdà nínú ilé, di ọ̀rọ̀ ikú àti ìyè ní ọdún tí mo parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀. Bàbá, Màmá, Bọ̀ọ̀dá Ìdírísù àti èmi lọ kí àwọn ará ilé ní Agbaja, a sì sùn síbẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Màmá jáde láti ilé ìdáná pẹ̀lú kọ́ọ̀pù tíì lọ́wọ́. Kọ́ọ̀pù náà bọ́. Wọ́n fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹnu wọn wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Nígbà tí a fi máa gbá wọn mú, gbogbo apá ọ̀tún ti rọ. Nọ́ọ̀sì tó wà lábúlé sáré dé, ó wò wọ́n lójú, ó ní rọpárọsẹ̀ ni, kí a gbé wọn lọ sí ọsibítù ní Lọ́kọ́jà kíákíá, pé gbogbo ìṣẹ́jú ló ní iye.

Bọ́ọ̀sì abúlé ti sọ̀kalẹ̀ lọ ọjà láti ìdájí. Ọ̀kadà nìkan ló kù, Màmá kò sì lè dá jókòó. Pijó ló kù. A tẹ́ wọn sórí ìjókòó ẹ̀yìn, mo gbé orí wọn lé itan mi, Bọ̀ọ̀dá jókòó síwájú. Bàbá yí kọ́kọ́rọ́. Iná pupa tàn.

Wọ́n fọwọ́ kan hánbíréèkì. Ó wà nílẹ̀. Nítorí Màmá, wọn kò pa mọ́tò, wọ́n wà á lọ jẹ́jẹ́ lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú títí a fi dé etí òkè, ibi tí ọ̀nà ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà Agbaja mọ ohun tí mo ń sọ. Àpáta lọ́tùn-ún, ọ̀gbun lósì, kọ́nà lórí kọ́nà, ọ̀nà náà sì ń fà ọ́ wálẹ̀. Bàbá tẹ bíréèkì. Mo rí i tí orúnkún wọn lọ síwájú ju bó ṣe yẹ lọ. Hánbíréèkì ni wọ́n fi dá mọ́tò dúró.

"Kí ló dé, Bàbá?" ni Bọ̀ọ̀dá wí.

"Kò sí bíréèkì."

"Ẹ tẹ̀ ẹ́ léraléra, á gbé! Ẹ jẹ́ ká máa lọ!"

"Ìdírísù, bọ́ sílẹ̀. Àwáwù, wá òkúta ńlá sí iwájú táyà."

Wọ́n yí mọ́tò díẹ̀, wọ́n gbé táyà apá òsì gun ẹsẹ̀ àpáta kan kí ààyè lè wà lábẹ́ rẹ̀, wọ́n bọ́ agbádá wọn, wọ́n sì dùbúlẹ̀. Lẹ́yìn táyà ẹ̀yìn lápá òsì, wọ́n na ọwọ́, wọ́n fà á jáde. Wọn kò tilẹ̀ gbọ́ òórùn rẹ̀. Ọ́ìlì ń kán tótó láti ìka wọn. Òkúta kan ti gbá ibẹ̀ nígbà tí à ń gun òkè bọ̀, páìpù tó ń gbé ọ́ìlì débẹ̀ sì ti ya. "Àná ló ti yẹ kí n wò ó," ni wọ́n wí fún ilẹ̀.

Bọ̀ọ̀dá ti ń sáré kiri bí ẹni tí iná ń jó lẹ́sẹ̀. Wọ́n ní kí a bu omi ọṣẹ sí i, kí a ti dé ìsàlẹ̀ ná, gbogbo awakọ̀ ló ń ṣe é. Òótọ́ ni, wọ́n ń ṣe é. Bí ọ́ìlì bá tán lójú ọ̀nà, wọn á po ọṣẹ mọ́ omi, wọn á bù ú sínú ike, bíréèkì á sì mú fún ìgbà díẹ̀. Bàbá ní lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú ni. Wọ́n ní lórí òkè yìí, bíréèkì máa gbóná, omi máa hó nínú páìpù kí a tó dé ìdajì, a ó sì tẹ̀ ẹ́, kò ní sí nǹkan kan lábẹ́ ẹsẹ̀.

"Bàbá, ìyá mi ń kú lọ nínú ibẹ̀ yẹn!" Bọ̀ọ̀dá Ìdírísù bú sẹ́kún níwájú mi, ọkùnrin tó ti ní àwọn ọmọ tirẹ̀. "Ìyá mi ń kú lọ, ẹ̀yin ń tún mọ́tò ṣe! Ẹ kúkú fẹ́ràn mọ́tò yìí jù wọ́n lọ!"

Mo retí kí Bàbá fún wọn lésì. Wọ́n mú hámà àti sípánà láti inú búùtù. Wọ́n ní kí Bọ̀ọ̀dá gun orí àpáta tó wà lẹ́yìn wa, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà, kí ó pe ọsibítù pé à ń bọ̀, kí ó sì pe ẹnikẹ́ni tó bá ní mọ́tò tó lè gòkè wá pàdé wa. Wọ́n ní kí èmi sọ̀kalẹ̀ lọ sí kọ́nà àkọ́kọ́, kí n dá mọ́tò tó bá ń gòkè dúró kó má baà wá gbá wa, kí n sì bẹ̀ ẹ́ kó gbé Màmá. Mo gbé orí Màmá lé aṣọ tí mo ká, mo sì lọ. Bàbá tún wọ abẹ́ mọ́tò.

Mo dúró ní kọ́nà yẹn, n kò rí mọ́tò kankan. Hámà nìkan ni mo ń gbọ́. Gbàn, gbàn, á dákẹ́. Gbàn, á tún dákẹ́ pẹ́, á tún bẹ̀rẹ̀. Mo ń gbàdúrà, mo sì ń bínú, àwọn méjèèjì papọ̀. Mo wo òkè, mo rí Bọ̀ọ̀dá lórí àpáta pẹ̀lú fóònù létí, wọ́n ń fi ọwọ́ kejì nu ojú. Gbogbo ìgbà tí hámà bá dún ni wọ́n ń yí ojú padà sí ibi tí mọ́tò wà, bí ẹni pé àwọn gan-an ni wọ́n ń lù.

Nígbà tó yá, Bàbá ké pè mí. Wọ́n ti ká páìpù tó ya náà, wọ́n ti fi hámà lù ú pa pátápátá kí ọ́ìlì má lè gba ibẹ̀ mọ́, wọ́n sì ti bu èyí tó wà nínú gálọ́ọ̀nù kékeré tí wọ́n máa ń gbé sínú búùtù sínú ike. Wọ́n ní kí n wọlé kí n máa tẹ bíréèkì bí wọ́n bá ṣe ń wí. Mo tẹ̀, ó rọ̀. Mo tẹ̀, ó le díẹ̀. Mo tún tẹ̀, ẹsẹ̀ mi dúró lókè. Iná pupa kú. Bàbá jáde, iyẹ̀pẹ̀ pupa bo irùngbọ̀n wọn, wọ́n wo iná tó ti kú náà, wọn kò sì gbà á gbọ́. Wọ́n tún wọ abẹ́ rẹ̀ lọ fọwọ́ kan páìpù.

Jíà kìíní ni a fi sọ̀kalẹ̀. Táyà mẹ́ta ló ń mú bíréèkì. Ọwọ́ Bàbá kan wà lórí sítíárìn, ìkejì lórí hánbíréèkì. Ní kọ́nà tó le jù, ìdí mọ́tò fì díẹ̀, òkúta sì já sínú ọ̀gbun lábẹ́ wa. Mo di Màmá mú. Bàbá tẹ̀ ẹ́, ó mú. A dé ìsàlẹ̀, wọn kò dúró kí ẹnikẹ́ni wí Alhamdulilahi tàbí halelúyà, ọsibítù ló gbà wá.

Màmá yè é. Ohùn wọn padà díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń fi ọ̀pá rìn báyìí, ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni kò padà tán. Dókítà ní a gbìyànjú. Ṣùgbọ́n Bọ̀ọ̀dá Ìdírísù kò fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Bí wọ́n bá rí i tí Màmá ń fi ọwọ́ òsì bọ́ ara wọn, wọn á ní ká ní a ti tètè kúrò lórí òkè, ọwọ́ yẹn ì bá ti sàn. Wọ́n ń sọ ọ́ lójú Bàbá, wọ́n ń sọ ọ́ lẹ́yìn wọn. Ọdún ń gorí ọdún, Bàbá kò dá wọn lóhùn. Mo bi wọ́n ní ọjọ́ kan tí à ń fọ mọ́tò pé kí ló dé tí wọ́n ń dákẹ́, ẹni tí kì í dákẹ́ fún oníkẹ̀kẹ́. Wọ́n fún omi kúrò lára aṣọ tó wà lọ́wọ́ wọn. "Ó fẹ́ràn ìyá rẹ̀. Kí ni kí n wá sọ sí ìyẹn?"

Bàbá sì kú lójú oorun, láìṣàìsàn. Mo fẹ́ràn wọn. Mo fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó bá ka èyí mọ̀ bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú gbogbo agídí yẹn.

Lọ́jọ́ kẹjọ, lẹ́yìn tí àwọn alùfáà ti ṣàdúà tán tí àwọn àlejò ti lọ, ó ku àwa ará ilé nínú ọgbà ní Ganaja. Màmá jókòó sórí àga, Bọ̀ọ̀dá Ìdírísù jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ wọn. Bọ̀ọ̀dá ti sunkún títí ojú wọn wú. Wọ́n ní Bàbá tọ́ àwọn dáadáa, pé àwọn kò ní ẹ̀sùn kankan sí wọn lọ́dọ̀ Ọlọ́run. Wọ́n gbójú sókè wo Màmá. "Ọjọ́ Agbaja yẹn nìkan ni, Màmá. Mo ti gbìyànjú kí n gbé e kúrò lọ́kàn. Ẹ dùbúlẹ̀ sínú mọ́tò bẹ́ẹ̀, ẹ dá nìkan wà, hámà ṣáá ni mo ń gbọ́. Hámà, hámà. Bàbá kò tilẹ̀ jáde wá wò yín."

Màmá kì í yára sọ̀rọ̀ mọ́, ọ̀rọ̀ wọn a máa wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n gbé ọwọ́ òsì wọn lé orí Bọ̀ọ̀dá.

"Abẹ́ mi gan-an ni wọ́n wà, Ìdírísù. Páànù mọ́tò yẹn kò nípọn. Mo ń gbọ́ mímí wọn. Wọ́n pè mí. Wọn kò pè mí ní Ìyá Ìdírísù o. Wọ́n ní, 'Rúùtù. Rúùtù, ṣé o ń gbọ́ mi?' Ẹnu mi kò ṣí. Ọwọ́ tí mo fi kàn ọ́ yìí ló kù, mo fi gbá ilẹ̀ mọ́tò. Wọ́n fi hámà gbá a padà láti ìsàlẹ̀."

Màmá ń bá ọ̀rọ̀ wọn lọ.

"Wọ́n ní, 'Rúùtù, mo ti rí i, páìpù ló ya.' Mo gbá ilẹ̀. Wọ́n gbá a padà. Wọ́n ní, 'Rúùtù, mo ń ká a báyìí, má sùn.' Oorun yẹn ń dùn mọ́ mi, ọmọ mi, mo fẹ́ lọ. Wọn kò jẹ́ kí n lọ. Bí mo bá pẹ́ kí n tó dáhùn, wọn á gbá ilẹ̀ lábẹ́ ẹ̀yìn mi títí inú á fi bí mi, tí mà á gbá tèmi."

"Màmá," ni Bọ̀ọ̀dá wí, "kí ló dé tí ẹ kò fi sọ?"

"Bàbá yín ni kò fẹ́. Wọ́n ní bí ẹ bá gbọ́ pé àwọn ń pe orúkọ mi lábẹ́ mọ́tò, ẹ ó máa fi àwọn ṣe yẹ̀yẹ́." Màmá nu ojú Bọ̀ọ̀dá pẹ̀lú etí ìborùn wọn, bí a ṣe ń nu ti ọmọdé. "Lílu páìpù yẹn pa, iṣẹ́ kékeré ni, Ìdírísù. Gbogbo hámà tó kù tí o gbọ́, èmi àti ọkọ mi là ń sọ̀rọ̀."